Bí Ẹ Ṣe Máa Dé Churchill, àti Bí Ẹ Ṣe Máa Rìn Níbẹ̀

Kò sí títì tó wọ Churchill. Ìlú kékeré etí omi Hudson Bay ni, ní àríwá Manitoba ní Kánádà. Èèyàn 870 ni wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2021. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ló gbé mi lọ. Ọkọ̀ òfuurufú ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi mí, rélùwéè ni mo ń ní kó wọ̀.

Láti Winnipeg, olú ìlú Manitoba, ó tó bí ọjọ́ méjì, nítorí ilẹ̀ dídì ni irin gbà kọjá. Bó bá yọ́, irin á tẹ̀, ọkọ̀ ò sì ní lè sáré. Ẹni tí kò bá ráyè, kó wa mọ́tò dé ìlú Thompson, kó wọkọ̀ rélùwéè níbẹ̀. Ẹ di oúnjẹ dání. Jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran díndín lèmi dì. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ìlú, igi á máa kúrú, ẹ ó rí àwọn tí ẹ̀ka wọn wà ní apá kan ṣoṣo, atẹ́gùn ti gé ìyókù dànù. Àwọn òpó wáyà àtijọ́ ẹ̀gbẹ́ irin náà sì lẹ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ilẹ̀ tó ń dì, tó ń yọ́, a máa ti òpó ẹlẹ́sẹ̀ kan jáde. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.

Ẹ ra èso àti ẹ̀fọ́ tútù dání fún ẹni tó máa gbà yín sílé, torí wọ́n wọ́n níbẹ̀. Lóṣù karùn-ún 2017, omi ba ojú irin jẹ́, ó lé lọ́dún kan kí rélùwéè tó tún dé.

Ẹni tó fẹ́ rí àbùùbùtán funfun, kó lọ lóṣù keje tàbí ìkẹjọ.

Béárì funfun lọ̀rọ̀ wà. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ni wọ́n ń pọ̀ jù, wọ́n ń dúró kí omi dì kí wọ́n lè lọ pa séálì, ẹran inú òkun, jẹ. Ẹ má dá rìn lálẹ́. Ẹ má sún mọ́ àpáta etí omi. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ má sáré. Ẹ máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé ilé tàbí mọ́tò tó bá wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ kì í ti ilẹ̀kùn mọ́tò wọn pa, nítorí ẹni tó bá ń sá àsálà.

Lọ́jọ́ kẹrin mi, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ya fọ́tò lórí àpáta. Bàbá àgbàlagbà kan fun fèrè mọ́tò, ó ṣílẹ̀kùn: “Wọlé, ọmọ mi. Wọlé.” Mo ti jókòó tán kí n tó rí ohun tó ń wò. Láàárín òkìtì yìnyín mẹ́ta, ọ̀kan ò funfun tó méjì yòókù, ó rí rúsúrúsú bí òwú tó ti pẹ́. Ó gbórí sókè.