Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ọmọ JSS 2 Láti Mọ Ibi Tí Òǹkọ̀wé Dúró Sí

Ẹ bi ọmọ JSS 2 pé kí ni ìwòye òǹkọ̀wé nínú àyọkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, ẹ̀kọ́ ló máa kọ fún yín: "Ìtàn yìí kọ́ wa pé ojúkòkòrò ò dára." Ẹ má bú u. Àlọ́ Ìjàpá la fi tọ́ ọ dàgbà, òpin àlọ́ kọ̀ọ̀kan la sì ti ń bi í pé ẹ̀kọ́ wo ló rí kọ́. Ní tèmi, n kì í dárúkọ "ìwòye" rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè mi ò ju èyí lọ: ibo lẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí dúró sí tó fi rí ohun tó rí?

Ohun tí wọ́n ti fojú ara wọn rí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́wà ẹnu géètì wa wúlò fún èyí ju ìwé lọ. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹni méjì sójú bọ́ọ̀dù:

"Ìyá ẹlẹ́wà ti ń rẹ́ wa jẹ. Ẹ̀wà igba náírà ò ju ṣíbí méjì lọ mọ́."

"Ẹ̀wà ti gbówó lórí lọ́jà, síbẹ̀ n kì í lé ọmọ tó bá mú igba náírà wá."

Màá wá ní kí wọ́n mú irọ́ inú rẹ̀ jáde. Wọ́n á wá a tì. Ẹnì kan ò sọ iye tí ẹ̀wà dà lọ́jà, ẹnì kejì ò sì sọ̀rọ̀ kan ṣíbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ohun tí oníkálùkù fò dá, torí orí ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ yòókù máa dúró lé. Pírẹ́ọ̀dù kan tó fún un. Ẹ má fi ẹ̀wà jẹ gbogbo táàmù.

Ogun Kírìjì, èyí tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà, ló máa ń tẹ̀lé e lọ́wọ́ mi. Òṣogbo ni mo ti ń kọ́ni, kíláàsì kan ṣoṣo níbí lè ní ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Èkìtì, ọ̀rọ̀ náà sì ṣì ń ká wọn lára. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ àyọkà méjèèjì, kó má baà gùn jù:

"Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi ṣe aṣojú níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀tẹ̀ náà fi ràn ká Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn kó ogun jáde kí ilẹ̀ lè rójú."

"Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti ń jẹ gàba lórí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ní 1878, ara ò gbà á mọ́. Fábùnmi fa idà yọ, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀ láti gba ara wọn sílẹ̀."

Kí wọ́n fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ohun tí òǹkọ̀wé pe ìjà náà. "Ọ̀tẹ̀" ni tẹni àkọ́kọ́, "gba ara wọn sílẹ̀" ni tẹnì kejì. Èyí ò le, gbogbo kíláàsì ló máa rí i. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń dá iṣẹ́ dúró síbẹ̀, tí ọmọ á wá rò pé kí á ṣáà ti ṣa ọ̀rọ̀ líle jọ ni.

Ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ ní kí wọ́n fi rúlà bo gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ìkejì nínú àyọkà kejì, kí wọ́n tún ìyókù kà. Fábùnmi á di ẹni tó kàn ṣàdédé fa idà yọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i padà, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí wọn pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n gbé gbólóhùn kan náà sí orí àyọkà àkọ́kọ́, kí wọ́n wò ó bóyá Látòósà ṣì dà bí ẹni tó kàn fẹ́ kí ilẹ̀ rójú. Ẹ má kánjú níbí o. Mo lè lo pírẹ́ọ̀dù méjì lórí rúlà yìí nìkan.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan sọ fún mi pé, "Ma, ẹni àkọ́kọ́ yẹn ò fẹ́ràn wa." N kò ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní, "Gbólóhùn wo ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Ó wo ìwé títí. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í ló wá béèrè pé, "Ma, wọ́n ní Fábùnmi fa idà yọ. Ta ló wá fi bẹ́?" Ni gbogbo wọn bá tún wo àyọkà kejì. Ajẹ́lẹ̀ tó kú ò sí níbẹ̀ rárá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè irú rẹ̀ ní kíláàsì tiyín, ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n yọ kúrò nínú ìtàn.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó mú òǹkọ̀wé gidi wọlé. Samuel Johnson ni mo ń lò. Sierra Leone ni wọ́n bí i sí ní 1846, àwọn òbí rẹ̀ kó o wá sí Ìbàdàn ní kékeré, ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, ó sì ka ara rẹ̀ mọ́ ìran Aláàfin Abíọ́dún. Ó wà lára àwọn tó ń gbé iṣẹ́ àlàáfíà láàárín àgọ́ méjèèjì nígbà Kírìjì. 1897 ló parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló sì tún un tò kó tó jáde ní 1921. Lórí ìkọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: kí ni èyí jẹ́ kó rí, kí ló sì lè fi pamọ́ fún un?

Ẹnì kan á sọ pé, "Irọ́ ló pa nígbà náà." Ẹ rán an létí ẹ̀wà. Òmíràn á kọ pé, "Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó gbè lẹ́yìn Ọ̀yọ́." Òfófó nìyẹn, àfi tó bá fi gbólóhùn inú ìwé gbè é lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí wọ́n da èyí kọ, kí wọ́n sì dí àlàfo rẹ̀: "Òǹkọ̀wé yìí gbè lẹ́yìn … nítorí pé ó pè é ní …, ibi … ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì dárúkọ … rárá." Nínú máàkì mẹ́wàá, méjì péré ni ti ẹni tó gbè lẹ́yìn, ẹ̀rí ló ni ìyókù.

Fún ìdánwò, mo ń fún wọn ní ẹ̀kẹta, tí kò ní "ọ̀tẹ̀" tí kò sì ní "gàba":

"Ní 1886, Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó rán oníṣẹ́ sí àwọn tó ń jà. Ó fẹ́ kí ọ̀nà ọjà ṣí. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn, ìjọba sì mú àlàáfíà wá."

Ọ̀pọ̀ wọn á kọ pé eléyìí ò gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń ṣe gbogbo nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ wá sọ fún wọn pé ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká lójú ogun, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ọdún méje yẹn hàn yín nínú àyọkà.