Ọkọ̀ Tó Ń Mu Epo Jù: Ohun Tí Ẹ Máa Wò Kí Ẹ Tó Náwó

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, àgbẹ̀ tó ń fi ọkọ̀ kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ Ilé-Ifẹ̀ láti ojú ọ̀nà Oǹdó kò lè fojú fo owó epo mọ́. Bí ọkọ̀ bá sì ń mu epo jù, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún wa ni pé ká pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, ká fọ nọ́sù tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì. Owó á lọ, epo á ṣì máa lọ. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n bí epo ṣe ń lọ ná.

Ẹ ní kí wọ́n rọ epo kún táńkì títí páńpù á fi já fúnra rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún rọ kún un. Ẹ kọ iye kìlómítà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ẹ máa wa ọkọ̀ bí ẹ ṣe ń wà á tẹ́lẹ̀ títí epo á fi kọjá ìdajì, kí ẹ padà sídìí páńpù kan náà, kí wọ́n rọ ọ́ kún bákan náà. Bí ẹ bá ti rin kìlómítà 240, tí páńpù sì ka lítà 24, kìlómítà 10 ni lítà kan gbé yín. Fún ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8, ìyẹn kò burú. Bó bá jẹ́ 6 tàbí 7, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n nílé epo mìíràn. Bí iye náà bá yàtọ̀ gan-an, páńpù ni kí ẹ fura sí. Ẹni tó ń gun òkè Iléṣà lójoojúmọ́ kó má fi tirẹ̀ wé ti ẹni tó ń lọ Ìbàdàn.

Tẹ́mósítáàtì

Èyí ló jẹ mí lógún jù, torí pé òun ló jẹ èmi gan-an níyà. Ọkọ̀ mi gbóná ní Lagere, nínú Ilé-Ifẹ̀, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó yọ tẹ́mósítáàtì, ó sọ ọ́ sínú àpótí irinṣẹ́, ó ní, "Bùọ̀dá, ilẹ̀ olóoru nilẹ̀ wa, àwọn òyìnbó ló nílò eléyìí." Ọkọ̀ kò gbóná mọ́, inú mi dùn. Àmọ́ epo tó ń gbé mi lọ oko fún ọjọ́ mẹ́fà kò tó ọjọ́ márùn-ún mọ́.

Ilẹ̀kùn kékeré ni tẹ́mósítáàtì, ó wà lójú ọ̀nà tí omi ń gbà láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sí ráídétọ̀. Ìda wà nínú rẹ̀ tó máa ń yọ́ nígbà tí omi bá gbóná dé nǹkan bí dígírì 82 sí 88, ìgbà náà ni yóò ṣí. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi á máa sáré lọ sí ráídétọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó móoru, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì máa rọ epo sí i bíi pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Ẹni tó kàn ń lọ láti Lagere sí Mayfair, ọkọ̀ rẹ̀ lè má móoru rárá kó tó débi tó ń lọ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Láàárọ̀ tí ọkọ̀ tutù, ẹ ṣáná sí i, kí ẹ fọwọ́ kan rọ́bà tó wọ orí ráídétọ̀, kí ọwọ́ àti aṣọ yín jìnnà sí fáànù. Ó yẹ kó tutù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó tó wá gbóná lójijì. Bó bá ń móoru díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́, tàbí ó ti ṣí sílẹ̀ tí kò lè padé mọ́. Ẹ má ṣí ìdérí ráídétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Ẹ ra tuntun, kí ẹ sì ní kí mẹkáníìkì wá ohun tó ń mú ọkọ̀ gbóná gan-an: ráídétọ̀ tó dí, fáànù tí kò yí, gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó, tàbí omi kànga tó ti dá ìpẹtà síbi tó yẹ kí kúláǹtì, omi tí wọ́n ṣe fún títu ẹ́ńjìnnì lára, wà.

Táyà àti bíréèkì

Ìwé pélébé kan wà lára ẹnu ọ̀nà dírẹ́bà tó sọ iye afẹ́fẹ́ tí táyà ń fẹ́, nígbà tí ẹrù bá wà àti nígbà tí kò sí. Ẹ fi géèjì wọ̀n ọ́n láàárọ̀. Ojú lásán kò tó, ti fọkanáísà náà kò tó.

Ní ti bíréèkì, ẹ rìn díẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ púpọ̀, kí ẹ dúró, kí ẹ sún àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan láìfi kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, tó ń rùn bíi rọ́bà tó ń jó, bíréèkì rẹ̀ kò tú sílẹ̀. Ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà oko a máa fa èyí.

Ẹ́ẹ̀fítà, ìyẹn asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, tí eruku ọyẹ́ bá ti dí i, a máa jẹ epo nínú ọkọ̀ àtijọ́ oníkábúrétọ̀ tí kò ní kọ̀ǹpútà. Nínú ọkọ̀ tó ń lo kọ̀ǹpútà, agbára ọkọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń dín.

Bí òórùn epo bá ń jáde lábẹ́ ọkọ̀, ẹ má ṣáná sí i rárá. Ẹ pe mẹkáníìkì wá bá a níbi tó wà.

Ohun kan ni kí ẹ máa tún ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kan òmíràn. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá sì tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò kọ nọ́ńbà tó rí sínú ìwé fún yín kó tó pa á rẹ́. Bó bá jẹ́ P0128, ẹ́ńjìnnì ni kò móoru tó. Ẹ béèrè tẹ́mósítáàtì yín.