Kúkíìsì Ẹ̀pà Rírọ̀ Tí Kò Ní Fúláwà Nínú

Kúkíìsì tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ yìí, fúláwà kankan kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀pà ni, álímọ́ńdì ni, ṣúgà àti ẹyin. Oníbàárà mi kan níbí ní Tanke, Ìyá Ahmad, ló sọ mí di ẹni tó ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Dókítà ti ní kí ọmọ rẹ̀ jìnnà sí gluten, ó sì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù: "Àǹtí, bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń jẹ kéèkì, ẹnu wọn ló máa ń wò. Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i." Láti ìgbà náà, àwọn tí nǹkan kan ò tiẹ̀ ṣe ti wá ń bèèrè fún un ju kéèkì onífúláwà mi lọ. Ó ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n owó ni.

Kí a tó dáná, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ń sá fún. Gluten jẹ́ purotéènì kan tó wà nínú àlìkámà, báálì àti ráì. Òun ló ń jẹ́ kí àpòpọ̀ búrẹ́dì máa fà tí kì í já. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á. Ẹni tó bá ní àrùn celiac ni tirẹ̀ yàtọ̀: bó bá ti jẹ ẹ́, ara rẹ̀ ni yóò dojú ìjà kọ ìfun rẹ̀, títí tí oúnjẹ kò fi ní ṣe é lóore mọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ "ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo jẹ" níbẹ̀. Búrẹ́dì, tàlíà, Indomie, chin-chin, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, gbogbo wọn ló ní àlìkámà nínú. Àmàlà, ẹ̀kọ, gàrí àti tùwó ìrẹsì kò ní. Nílùú Ìlọrin níbí, oúnjẹ gidi kì í fi bẹ́ẹ̀ da ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàmú. Ìpápánu ni ìyọnu wà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Pé nǹkan ò ní gluten kò sọ ọ́ di oúnjẹ alátọ̀gbẹ. Ṣúgà wà nínú èyí dáadáa. Ẹni tí ẹ̀pà tàbí álímọ́ńdì kò bá sì bá lára mu, kó má fẹnu kàn án rárá.

Ohun tí ẹ máa nílò nìyí, fún nǹkan bí 20 kúkíìsì:

Ẹ̀pà lílọ̀ tó kúnná, gíráàmù 250
Ìyẹ̀fun álímọ́ńdì, gíráàmù 120
Ṣúgà, gíráàmù 150, kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ṣúgà pupa
Ẹyin ńlá kan
Baking soda, ààbọ̀ ṣíbí ìpotíì
Iyọ̀, ìdámẹ́rin ṣíbí ìpotíì
Fàníllà, ṣíbí ìpotíì kan

Ẹ bá mi ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń gbé lé orí tábìlì. Kọ́ọ̀pù tèmi ò jọ kọ́ọ̀pù tiyín, bí ẹnìkan bá sì ki álímọ́ńdì mọ́lẹ̀ nínú kọ́ọ̀pù, ohun tó máa bọ́ síbẹ̀ á pọ̀ ju èyí tí ẹlòmíràn fi ṣíbí bù síbẹ̀ jẹ́jẹ́ lọ.

Álímọ́ńdì tí mò ń wí kì í ṣe èso igi fúrúùtù tí àwọn ọmọ máa ń sọ lókò ní ọgbà iléèwé. Igi ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èyí tí a fẹ́ lò, òkè òkun ló ti ń wá, ó sì wọ́n. Ẹ lè rí ìyẹ̀fun rẹ̀ ra nínú àwọn sùpámákẹ́ẹ̀tì ńlá ní ọ̀nà Fate tàbí ní GRA, ṣùgbọ́n ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀ dáadáa, kí ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní gluten. Èyí tí ẹnìkan bù sínú ọ̀rá funfun tí kò lórúkọ, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ta ló mọ ohun tí wọ́n fi ṣíbí yẹn bù tẹ́lẹ̀?

Bí ẹ bá rí odidi álímọ́ńdì ra, ẹ lè lọ̀ ọ́ fúnra yín. Ẹ da omi gbígbóná lé e lórí fún ìṣẹ́jú kan, ẹ sẹ́ omi náà, kí ẹ fún un láàárín ìka méjì: ẹyọ funfun á yọ́ jáde láti inú èèpo rẹ̀. Ẹ sá a kó gbẹ dénú, nítorí pé ọ̀rinrin díẹ̀ ló ń mú kó lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú bílẹ́ńdà tó gbẹ, ẹ máa dá a dúró, ẹ máa mì ín, kí ẹ sì fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Ẹni tó bá jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa sáré lọ láìdúró, bọ́tà ló máa bá nídìí rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, inú fíríìjì ni ibùgbé rẹ̀, torí òróró pọ̀ lára álímọ́ńdì, ó sì máa ń kan tí ooru bá ń mú un.

Ẹni tí owó álímọ́ńdì bá ga jù fún, kó wo apá kájú. Ní Kwara wa níbí, ojú kájú kì í pọ́n wa. Kájú tí wọn kò fi iyọ̀ sí, tí ẹ bá lọ̀ bí mo ṣe wí yìí, ẹ lè fi ìwọ̀n kan náà rọ́pò álímọ́ńdì, kúkíìsì náà á sì rọ̀ dáadáa. Láfún ńkọ́? Wọ́n máa ń bi mí. Kò ní gluten lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní òróró lára, gbígbẹ ló máa gbẹ kúkíìsì yín, á sì máa fọ́ sí yín lẹ́nu.

Ẹ̀pà wá ni iṣẹ́ gangan.

Mo máa ń ra ẹ̀pà bíbó ní kóńgò ní Ọjà Ọba. Kí n tó gbé e kaná, mo máa tẹ́ ẹ sórí atẹ, mo sì máa ṣà á lẹ́yọ-lẹ́yọ. Èyí tó bu, tó hunjọ, tó dúdú, tàbí tó korò lẹ́nu, dídànù ni. Ohun tó ń mú kí ẹ̀pà bu máa ń pèsè májèlé kan tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná ààrò kì í sì í pa á tán. Ẹ má sọ pé ẹ ó fi ṣúgà bò ó.

Ẹ yan án lórí iná kékeré nínú ìkòkò gbígbẹ, ẹ máa rò ó. Mi ò kì í fi iyanrìn yan èyí tí mo bá fẹ́ lọ̀, nítorí ẹyọ iyanrìn kan ṣoṣo ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́nu. Ó ti jinná nígbà tí òórùn rẹ̀ bá gba ilé kan, tí èèpo pupa náà sì ń bọ́ bí ẹ bá fi ìka ra á. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra á, kí ẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù níta. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ ò nílò láti fẹnu fẹ́ ẹ. Ẹ gbé atẹ sókè, afẹ́fẹ́ á bá yín ṣe é.

Ẹ wá gbọ́ èyí: ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́lọ inú ọjà. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ yá, ó sì máa ń kúnná dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níwájú yín lórí ìlà lè jẹ́ alálìkámà. Ọlọ́lọ á fọ́n omi sí ẹnu ẹ̀rọ, á ní ó ti mọ́, ohun tó há sáàárín òkúta méjèèjì á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀pà yín ni yóò gbé e jáde. Fún ilé tí gluten kò yọ lẹ́nu, ata nìkan ni wàhálà yín níbẹ̀. Fún ọmọ bíi ti Ìyá Ahmad, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo iṣẹ́ yín ti bàjẹ́, kó tó di pé ẹ fọ́ ẹyin.

Bílẹ́ńdà ilé ni kí ẹ lò, apá tí a fi ń lọ nǹkan gbígbẹ. Ẹ da ẹ̀pà sí i dé ìdajì. Lákọ̀ọ́kọ́, á di ìyẹ̀fun, á máa fò káàkiri. Lẹ́yìn náà ni á dì, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, á sì jọ pé ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń da omi sí i. Ẹ jọ̀ọ́, omi ò gbọdọ̀ kàn án, gígan ló máa gan. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fi ṣíbí rọ́ ọ wálẹ̀, ẹ jẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ sinmi kó má baà jóná, kí ẹ tún tàn án. Bí ẹ̀pà náà bá ṣe ń gbóná ni òróró rẹ̀ á máa jáde, àwọ̀ rẹ̀ á dọ́ṣọ̀, ìró ẹ̀rọ náà á sì yí padà, á rẹlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé ṣíbí sókè tó ń ṣàn wálẹ̀ láìjá, ó ti tó. Àwọn alákúlíkúlì máa ń fún òróró yìí kúrò kí wọ́n tó dín tiwọn. Tiwa, òróró yẹn gan-an la fẹ́, ẹyọ kan kò gbọdọ̀ dànù.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ti inú ìgò, ẹ rò ó pọ̀ dénú dáadáa, kí ẹ sì dín ṣúgà kù díẹ̀ bí wọ́n bá ti fi ṣúgà sí i tẹ́lẹ̀.

Pípò rẹ̀ kò ní ariwo. Ẹ po ẹ̀pà lílọ̀, ṣúgà, ẹyin àti fàníllà pọ̀ títí á fi dán. Ẹ po álímọ́ńdì, baking soda àti iyọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ dà á sí i, ẹ fi ṣíbí igi rò ó. Kò sí pé à ń gún un, kò sí pé à ń pò ó jù, nítorí gluten tó máa ń mú kí àpòpọ̀ le kò sí níbẹ̀. Ó yẹ kó rọ̀ bí ẹ̀bà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, kó sì ṣeé ká lọ́wọ́. Ẹ̀pà tí a lọ̀ nílé máa ń ṣàn ju ti ìgò lọ, nítorí náà ẹ lè fi ṣíbí álímọ́ńdì kan tàbí méjì kún un. Má bẹ̀rù ṣúgà pupa yẹn náà. Omi ìrèké dúdú tó wà lára rẹ̀ ń di ọ̀rinrin mú, òun ló ń jẹ́ kí kúkíìsì ṣì rọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ẹni tó bá fi ṣúgà funfun nìkan ṣe é, á dùn, ṣùgbọ́n á le díẹ̀ létí.

Ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Láti oṣù kejì sí ìkẹrin, tí oòrùn Ìlọrin ń mú bí ẹni tí a jẹ lówó, ẹ fi í tó wákàtí kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òróró á ti máa yọ́ kó tó débi iná.

Ẹ ká a ní róbótó-róbótó, gíráàmù 28 tàbí bẹ́ẹ̀. Ẹ tò ó sórí tírè tí ẹ ti tẹ́ bébà ìyankéèkì sí, ẹ fi àlàfo sáàárín wọn, kí ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó dábùú ara wọn. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Àpòpọ̀ ẹ̀pà wúwo, kì í tẹ́ fúnra rẹ̀, bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, etí á jinná, àárín á wà ní tútù.

Ẹ ti gbọ́dọ̀ tan ófùnù sí 175°C tipẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mọ́kànlá ni. Bí kò bá sí iná, tí gáàsì nìkan sì wà, ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí ìdí ìkòkò ńlá, ẹ gbé irin ìdúró lé e, ẹ dé e, kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15 lórí iná kékeré, kí ẹ tó gbé tírè kékeré sí i. Tìyẹn lè gbà tó ìṣẹ́jú 15. Orí rẹ̀ ò ní pọ́n, ẹ má dúró de pípọ́n. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ibi tí rírọ̀ wà nìyí: ẹ gbé e jáde nígbà tó ṣì jọ pé kò tíì jinná. Etí rẹ̀ á ti mú, á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìka kan àárín rẹ̀, á ṣì máa tẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ máa ń wò mí lójú nígbà yẹn: "Àǹtí, kò tíì jinná o." Ẹ má dá a lóhùn. Ooru tó wà nínú rẹ̀ àti ti tírè á parí iṣẹ́ náà. Ẹ fi sílẹ̀ lórí tírè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, ẹ má gbé e, ẹ má yí i padà. Kò sí gluten tó máa dì í mú, nítorí náà bó bá ṣì gbóná, fífọ́ ló máa fọ́ sí yín lọ́wọ́. Nígbà tó bá tutù ló máa ń di ara rẹ̀ mú.

Inú ike tó ní ìdérí líle ló ń gbé, fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ ti lè gbọ́ ọ pé kí ẹ fi ègé búrẹ́dì kan sínú agolo kúkíìsì kó má baà gbẹ. Ọgbọ́n tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ti èyí, èérún búrẹ́dì yẹn gan-an la ti ń sá fún láti àárọ̀. Ègé ápù kékeré á ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì kó má baà bu. Ẹ tún rántí pé báálì wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀tì inú ìgò, ẹ má fi ṣe ohun mímu ọmọ náà. Wàrà tàbí ṣóbò tútù dára.

Èyí tí ẹ ò bá fẹ́ yan lọ́jọ́ náà, ẹ ká a, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ jẹ́ kó dì sórí tírè nínú fírísà kí ẹ tó kó o sínú ọ̀rá. Bí àlejò bá dé, ẹ má dúró kó yọ́. Ẹ gbé e sínú ófùnù bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ìṣẹ́jú méjì kún un.