Kí Ẹ Tó Ra Tábúlẹ́ẹ̀tì Olówó Pọ́ọ́kú: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Kétu

Tábúlẹ́ẹ̀tì kéékèèké, ẹ̀rọ bíi fóònù ńlá, ti pọ̀ lórí àtẹ báyìí, láti Kùtọnu títí dé ọjà Kétu, àwọn tí ó ń tà á sì mọ bí a ti ń fi ojú rẹ̀ tí ó fẹ̀ fa oníbàárà mọ́ra. Ìwé yìí kò ní kí ẹ má rà á. Ohun tí a ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe àti ààyè tí iṣẹ́ náà yóò gbà nínú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ owó tó wọlé. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí kò sì ń ṣe ju ìpè, WhatsApp àti owó fífi ránṣẹ́ lọ, kò nílò tábúlẹ́ẹ̀tì. Kí ó fi owó náà ra ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá ń kọ iye àpò àgbàdo tí olúkúlùkù kó wá àti gbèsè tí ó wà nílẹ̀, tàbí tí ọmọ bá ní ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kà, ojú fóònù kéré fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Iye tí wọ́n kọ sára páálí

Gígà ni wọ́n fi ń wọn ààyè tí ẹ̀rọ fi ń tọ́jú nǹkan. Bí wọ́n bá kọ gígà 16 sára páálí, kì í ṣe gígà 16 ni ẹ óò rí lò. Android, ètò tí ó ń darí ẹ̀rọ náà, àti àwọn áàpù tí wọ́n ti kó sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ ti gba apá ńlá níbẹ̀ kí ẹ tó tú páálí, ó sì wọ́pọ̀ kí èyí tí ó ṣẹ́ kù má ju ìdajì lọ. Àwọn áàpù náà kì í dúró sójú kan; bí wọ́n ti ń gba àtúnṣe ni wọ́n ń gba ààyè kún ààyè. Nítorí náà, ẹ ní kí òǹtajà tan án níwájú yín, kí ẹ wọ «Paramètres», kí ẹ tẹ «Stockage», kí ẹ sì ka iye tí ó kù. Iye yẹn ni ẹ ń fi owó yín rà.

Fọ́tò kan sábà máa ń gba mégà 2 sí 4 (nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mégà ni gígà kan), nítorí náà fọ́tò kì í tètè kún un. Fídíò ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ìṣẹ́jú kan péré ní ìwọ̀n 1080p, ìyẹn fídíò tí ó mọ́ dáadáa, lè gba mégà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí já sí pé fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè jẹ odidi gígà kan. Bí ará ilé àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ọjà bá ń fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp láràárọ̀, tí tábúlẹ́ẹ̀tì sì ń gba gbogbo rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ kò béèrè ni yóò lé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kúrò nílẹ̀. Ẹ pa gbígbà fúnra rẹ̀ yìí nínú ètò WhatsApp lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á. Nígbà tí ààyè bá tán, kò ní gba àtúnṣe mọ́, yóò máa lọ́ra, kámẹ́rà kò sì ní ya fọ́tò mọ́.

Nígbà tí Android 13 jáde ní ọdún 2022, Google fi RAM (ààyè tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) gígà 2 àti ààyè ìtọ́jú gígà 16 ṣe ìwọ̀n tí ó kéré jù fún ẹ̀yà Go rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú. Ní tiwa, èyí tó láti tan ẹ̀rọ náà, kò tó fún iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ má rà á bí ààyè rẹ̀ kò bá tó gígà 32, bó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó, àfi bí ó bá jẹ́ ìwé kíkà nìkan ni ẹ fẹ́ fi ṣe.

Òǹtajà yóò sọ pé káàdì mẹ́mọ́rì yóò bo gbogbo rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: fọ́tò, fídíò àti ìwé lè wà lórí káàdì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ áàpù kò ní kúrò nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè bí káàdì tí ẹ̀rọ náà lè gbà ti tóbi tó. Káàdì ayédèrú sì wà, tí wọ́n kọ iye ńlá sí lára tí kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ nínú. Ẹ fi fídíò kún un pátápátá, kí ẹ wò ó bóyá èyí tí ẹ kó sí i kẹ́yìn yóò ṣí.

Kámẹ́rà, síìmù àti iná

Láti ọdún 2016 tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní «chenille légionnaire» ti wọ oko àgbàdo ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, fọ́tò ti di ohun èlò oko. Àmì bíi lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò wà ní iwájú orí kòkòrò náà, tóótòòtó dúdú mẹ́rin sì tò ní igun mẹ́rin nítòsí ìdí rẹ̀. Kámẹ́rà tí kò lè fi Y yẹn hàn kò lè ran ẹni tí ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí lọ́wọ́ láti dá kòkòrò náà mọ̀. Ẹ fi kámẹ́rà náà ya èèrà tàbí hóró àgbàdo kan nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì fẹ fọ́tò náà lójú.

Ẹ wò ó bóyá ó ní ihò síìmù. Èyí tí kò ní in, Wi-Fi nìkan ni ó ń gbà, fóònù yín ni yóò sì máa fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì ní abúlé títí bátìrì fóònù náà yóò fi tán. Ọ̀pọ̀ irú wọn kò ní GPS, ohun tí ó ń fi ibi tí ẹ̀rọ wà hàn, wọn kò sì wúlò fún oko wíwọ̀n. Níbi tí kò sí iná, páànẹ́ẹ̀lì oòrùn wáàtì 10 lè kún bátìrì 5000 mAh láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin bí oòrùn bá mú, ṣùgbọ́n inú ibòji ni kí tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ wà.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù, ẹ kò gbọdọ̀ sanwó kí ẹni tí ó ni ín tó yọ àkáǹtì Google rẹ̀ kúrò lójú yín. Bí ẹ bá pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ láìjẹ́ pé ó ti yọ ọ́, ẹ̀rọ náà yóò tún máa béèrè àkáǹtì ẹni yẹn, kò sì ní ṣí fún yín. Ẹ jẹ́ kí ó pa á rẹ́ níbẹ̀, kí ẹ fi àkáǹtì tiyín wọlé, kí ẹ pe ẹnì kan lórí rẹ̀ bí ó bá ní síìmù, kí ẹ tó ka owó.