Káńsù Jẹ́ Kí Dátà Wa Jò Síta: Kí La Lè Ṣe Lábẹ́ Òfin?

Ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí láàárọ̀ lálẹ́, ó sì ti ń sú mi láti máa dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí. Àwọn tó kàn ni àwọn tó gba fọ́ọ̀mù ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí ìlú, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìrànwọ́ ìjọba, àwọn tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́jà káńsù, àwọn tó ṣègbéyàwó ní rẹ́jísìrì, tí dátà wọn, ìyẹn orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀), wá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó pè mí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọ̀dọ̀ káńsù ló ti jò?

Ẹ fi ohun tó jáde wé ohun tí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù wọn. Bí akọ̀wé wọn bá ṣi orúkọ yín kọ, tí àṣìkọ yẹn náà sì wà nínú èyí tó jò, ibẹ̀ ló ti wá. Pé ẹnì kan kàn pè yín lórúkọ lórí fóònù kò tíì tó ẹ̀rí.

Àwọn tí n kò mọ̀ ń pè mí pé kí n ka OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ránṣẹ́, fún àwọn.

Ẹ má kà á. Ẹ lọ sí báńkì lónìí, kí ẹ sì kọ ẹ̀sùn yín sínú ìwé, kì í ṣe ẹnu. Ẹjọ́ lè dúró dọ̀la, owó inú àkáǹtì kò ní dúró.

Bébà ni o, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Fọ́ọ̀mù wa ni wọ́n tà fún ẹlẹ́pà.

Ó kàn án. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 kò yọ bébà sílẹ̀. Ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ló ṣiṣẹ́ lórí dátà yín, ì báà jẹ́ ọwọ́, abala 2 kó méjèèjì pọ̀. Mo ti gba irú bébà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kan rí. Òróró ti gba àárín rẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò ọmọdébìnrin kan ṣì wà lókè níbi tí wọ́n fi pín-ìn-nì há a sí, àdírẹ́sì ilé wọn àti nọ́ńbà bàbá rẹ̀ sì hàn ketekete lábẹ́ rẹ̀. Inú mi bàjẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Bí irú rẹ̀ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má jù ú nù. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpòòwé.

Ṣé a tiẹ̀ lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí irú èyí?

Ẹ lè pè é. Kò sí ibi tí òfin náà ti sọ pé ilé-iṣẹ́ aládàáni nìkan lòun ń bá wí. Àwọn iṣẹ́ tí abala 3 fún láàyè díẹ̀ ni irú wíwádìí ọ̀daràn àti ààbò orílẹ̀-èdè. Kíkọ orúkọ aláìní sílẹ̀ láti fún wọn ní ìrẹsì kò sí níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, abala 37 ìwé òfin 1999 fún olúkúlùkù ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ pé kí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wà ní ìpamọ́, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó jókòó ní Ìbàdàn sì ti sọ ní 2021 pé ààbò dátà wà lára ẹ̀tọ́ yẹn.

Káńsù kò sọ nǹkan kan fún wa. Lórí WhatsApp la ti gbọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn. Abala 40 Òfin Ààbò Dátà ní bí jíjò náà bá lè pa àwọn èèyàn lára, káńsù gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ NDPC, tó ń bójú tó ààbò dátà, láàárín wákàtí 72 tí wọ́n bá ti mọ̀. Bí ewu náà bá pọ̀, wọ́n tún gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀yin tó kàn lójú ẹsẹ̀, lédè tó yé yín, kí wọ́n sì sọ ohun tí ẹ lè ṣe. Nínú ìwé ẹ̀sùn yín, ẹ kọ dídákẹ́ wọn sí ìpínrọ̀ tirẹ̀. Ẹ má pò ó mọ́ jíjò náà.

Níbo ni kí n kọ́kọ́ lọ?

Káńsù náà ni, pẹ̀lú ìwé. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ti bà jẹ́ fún yín, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Lábẹ́ abala 34 Òfin Ààbò Dátà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ní nípa yín àti àwọn tí wọ́n ti fún. Bí ẹ bá fẹ́ àkọsílẹ̀ káńsù fúnra rẹ̀, irú bí ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ náà fún agbaṣẹ́ṣe, ẹ lo Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011, tó fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Wọ́n á sọ fún yín pé òfin àpapọ̀ nìyẹn, kò kan àwọn. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti parí àríyànjiyàn yẹn ní 2025: ó kàn wọ́n.

Ẹ tẹ ìwé náà ní ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ mú un dání lọ sílé. Mo ti sọ èyí títí ẹnu fi ń ro mí, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń wá bá mi pé àwọn ti bá alága sọ̀rọ̀ níbi àríyá.

Ṣé owó ìtanràn tí NDPC ń gbà máa kàn wá?

Rárá. Àpò ìjọba ni owó ìtanràn ń lọ. Àjọ náà lágbára o: ní 2025, ó bu owó tó lé ní ₦766 mílíọ̀nù lé MultiChoice, ilé-iṣẹ́ tó ni DStv, lórí. Ṣùgbọ́n abala 48 Òfin Ààbò Dátà tún gbà á láyè láti pàṣẹ kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún ẹni tó fara gbá a, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Wọ́n á kọ ẹ̀sùn lábẹ́ abala 46, wọ́n á sunkún, wọ́n á ṣépè, wọn ò ní kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń béèrè gbà-má-bínú. Ẹ kọ ọ́ gbangba, kí ẹ sì so ẹ̀rí àdánù yín mọ́ ọn.

Lọ́yà káńsù ní a ti pẹ́ jù, pé kí adájọ́ lé wa lọ.

Wàhálà tí mo bá jà jù nìyí.

Àwọn ìyá ọlọ́jà kan ni. Ìwé tí káńsù fi kọ orúkọ àwọn oníṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, pẹ̀lú NIN àti nọ́ńbà wọn, òṣìṣẹ́ kan fi ránṣẹ́ sí orí WhatsApp, ó sì tàn kálẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi orúkọ wọn yáwó lórí áàpù. Àwọn agbowó wá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ìjọ wọn àti àwọn àna wọn pé olè ni wọ́n. Ìyá kan nínú wọn ò lọ sípàdé ẹgbẹ́ mọ́.

Káńsù gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n fún wọn ní míńráàsì, wọ́n ní ìgbìmọ̀ ti wà lórí ẹ̀, pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sí ìwé kankan. Ìgbà tí lọ́yà wọn máa fi pẹjọ́ pé kí káńsù san owó ohun tó bà jẹ́, ó ti kọjá oṣù 3. Lọ́yà káńsù dìde, kò sọ nǹkan kan nípa jíjò náà rárá. Ohun méjì ló gbé síwájú adájọ́: òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba ní ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù 3, àti pé wọn ò fún káńsù ní ìwé ìfitónilétí ṣáájú ẹjọ́. Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀, òfin ìjọba ìbílẹ̀ ní kí ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ káńsù fún oṣù kan kí ẹ tó pẹjọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹ yọ oṣù kan kúrò nínú 3, kí ló kù?

Nígbà yẹn ni a wá lọ́yà mìíràn. Kí adájọ́ tó dájọ́ lórí àtakò náà, ó yọ ẹjọ́ yẹn kúrò, ó sì gbé tuntun wá lábẹ́ Ìlànà Gbígba Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 2009. Òfin 3 nínú ìlànà yẹn sọ pé kò sí gbèdéke àkókò kankan tó lè dí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n tún ta kò ó, wọ́n ní ọ̀rọ̀ gbèsè ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Ohun tó gbà wá ni bí lọ́yà náà ṣe to ẹ̀bẹ̀ rẹ̀: títẹ ẹ̀tọ́ abala 37 mọ́lẹ̀ ló ṣíwájú, owó tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bí owó bá ṣíwájú, ilé ẹjọ́ á sọ pé ẹ ti ṣìnà. Adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì dá àwọn ìyá láre.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ lo abala 51 Òfin Ààbò Dátà láti gba owó àdánù, ẹ ka oṣù 3 láti ọjọ́ tí ó jò. Ìgbìmọ̀ káńsù kì í dá kàlẹ́ńdà dúró.

Mo ní screenshot.

Kò tó bẹ́ẹ̀. Kí nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́, ọjọ́ àti aago hàn nínú rẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní kí ìwé ẹ̀rí tẹ̀ lé ohunkóhun tó bá ti inú ẹ̀rọ jáde, tó ń sọ ẹ̀rọ tó gbé e jáde àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ṣé mo lè ṣe é láìsí lọ́yà?

Ìwé sí káńsù àti ẹ̀sùn sí NDPC, ẹ lè kọ ọ́ fúnra yín. Ní ti ilé ẹjọ́, òfin kò ní kí ẹ má dá lọ, ṣùgbọ́n mi ò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Bí owó tó ń wọlé fún yín kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba là sílẹ̀, tó jẹ́ ₦70,000 báyìí, ẹ lọ sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní ṣe ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà lára iṣẹ́ wọn.

Èló ni a lè rí gbà?

Òfin kò dárúkọ iye kan. Adájọ́ ni yóò wo ohun tí ẹ pàdánù, nítorí náà ẹ gba ìwé àkáǹtì yín ní báńkì, ẹ sì tọ́jú ọ̀rọ̀ tí àwọn agbowó fi ránṣẹ́. Bí káńsù bá pè yín pé kí ẹ wá gba nǹkan kékeré, tí wọ́n sì ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti tán, ẹ gbé ìwé náà dé ọ̀dọ̀ lọ́yà kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú owó wọn.