Ìgbà Àkọ́kọ́ Níbi Ìfọ-Mọ́tò-Fúnra-Ẹni l'Ámẹ́ríkà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Nílé, ọmọ kááwọ́ọ̀ṣì ló ń fọ mọ́tò, ẹni tó ni ín á jókòó sábẹ́ igi, á máa mu mínírà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú ibi tó dínwó jù ni ibi tí ẹ ó ti fọ̀ ọ́ fúnra yín: ìsọ̀ oníbíríkì kan tó là níwájú, tó là lẹ́yìn, ìbọn omi gígùn kan lára ògiri, búrọ́ọ̀ṣì kan ní òdìkejì, àti ẹ̀rọ tó ń gba owó. Kò sẹ́ni tí yóò júwe. Ìṣẹ́jú ni wọ́n sì ń tà níbẹ̀: bẹ́ ẹ fọ́n omi, bẹ́ ẹ ò fọ́n, aago ń sáré. Ohun tó bá àwọn ẹni tuntun níbẹ̀ ò ju ìwọ̀nyí lọ.

Ìbéèrè: Mo ju owó sínú ẹ̀rọ, aago bẹ̀rẹ̀ sí í kà kí n tó mọ èyí tí màá yí. Kí ló yẹ kí n ti ṣe ṣáájú?

Ìdáhùn: Gbogbo ohun tí kò bá ti gba omi, ẹ parí ẹ̀ kí owó tó wọlé. Ẹ gbé mọ́tò sáàárín ìsọ̀, kí ààyè bíi mítà kan wà lọ́tùn-ún àti lósì, kẹ́ ẹ lè yí i ká láìjẹ́ pé rọ́bà omi há sábẹ́ tayà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ ti fèrèsé gbogbo, pẹ̀lú ti òrùlé bó bá ní. Wáípà tó máa ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ bó bá ti rí omi, ẹ pa á.

Mọ́tò tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò lápò ní ti ẹ̀ lọ́tọ̀. Omi tó bá ń lu ọwọ́ ilẹ̀kùn lè jọ ọwọ́ èèyàn lójú ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tì, á tún máa ṣí. Búùtù míì tiẹ̀ máa ń là gbàgà nígbà tí omi ń lọ lọ́wọ́. Ìwé mọ́tò yóò sọ bẹ́ ẹ ṣe lè pa iṣẹ́ yẹn fúngbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ojú ẹ̀rọ látòkè délẹ̀. Ẹ mú ìbọn omi kúrò lára ògiri, ẹ di í mú lọ́wọ́ méjèèjì kẹ́ ẹ tó sanwó. Omi inú ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 1,000 sí 1,200 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe ń tì tó), nígbà tó jẹ́ pé omi rọ́bà ìta ilé kì í sábà ju 40 sí 60 lọ. Bẹ́ ẹ bá dì í mú hẹ́bẹ́hẹ́bẹ́, yóò ta yín lọ́wọ́, orí rẹ̀ yóò sì gbá ilẹ̀kùn mọ́tò.

Ẹ to owó ẹyọ sílẹ̀. Kọ́tà, ìyẹn sẹ́ǹtì 25, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń gbà. Ogún kọ́tà ló di dọ́là márùn-ún. Ẹ fi mẹ́rin tàbí márùn-ún pamọ́ sápò, torí pé bó bá kù díẹ̀ kí aago tán, ẹ̀rọ á dún. Lọ́pọ̀ ibi, ẹ bá ti ju kọ́tà kan sí i kó tó kú, ìṣẹ́jú á gùn sí i. Ẹ bá jẹ́ kó kú pátá, ó di owó ìbẹ̀rẹ̀ tuntun, èyí tó lè tó dọ́là mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìdajì ìṣẹ́jú tó kù kẹ́ ẹ fi ṣan ọṣẹ.

Ìbéèrè: Nǹkan méje ló wà lára bọ́tìnì tí wọ́n ń yí. Èwo ló ṣáájú, èwo ló kẹ́yìn? Ṣé gbogbo ẹ̀ ni dandan?

Ìdáhùn: Rárá o. Mẹ́ta péré ni dandan: ọṣẹ ìrẹ (Pre-Soak), ọṣẹ alágbára (High Pressure Soap), àti omi ìṣanlẹ̀ (Rinse). Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mú wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, fún mọ́tò kékeré tó dọ̀tí níwọ̀nba, kí gbogbo ẹ̀ má ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ.

Èyí tí wọ́n kọ Tire Cleaner sí ló ṣáájú, ìdajì ìṣẹ́jú, fún tayà àti rímù nìkan. Bí rímù bá ṣì gbóná látojú ọ̀nà, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó sanwó rárá, torí oògùn yìí máa ń tètè gbẹ mọ́ rímù gbígbóná, àmì rẹ̀ kì í sì í lọ.

Pre-Soak ló kàn, ìṣẹ́jú kan. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré kọjá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ọṣẹ yìí ló ń tú ẹ̀gbin kúrò lára ọ̀dà, tí omi alágbára á fi wá rí i gbá lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bẹ́ ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, ọṣẹ á ṣàn wálẹ̀ lórí ẹ̀gbin gbígbẹ ní tínrín-tínrín, ojú ibi tó gbà kọjá yóò sì hàn lẹ́yìn tí mọ́tò bá gbẹ tán. Ẹ jẹ́ kó rẹ ẹ́ díẹ̀, kó má sì gbẹ. Lóòrùn ọ̀sán, ẹ fọ ẹ̀gbẹ́ kan parí kẹ́ ẹ tó kọjú sí ìkejì.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni High Pressure Soap, ìṣẹ́jú méjì, láti òkè wálẹ̀. Ẹ dá ìbọn dagun, kí omi má kọjú sí ọ̀dà gbọnrangandan, kí orí rẹ̀ sì jìnnà tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Fún ibi tí wọ́n tún kùn, ibi tí ọ̀dà ti ń ṣí, sítíkà, àti rọ́bà etí gíláàsì, ẹ sọ ọ́ di 60. Omi yìí máa ń ṣí ọ̀dà tó ti fẹ́ ṣí tẹ́lẹ̀, ẹni tó ni ìsọ̀ ò sì ní san án. Ẹ má gbé orí ìbọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ tayà. Ó lè ba rọ́bà jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ rí i.

Rinse, ìṣẹ́jú méjì, láti òkè wálẹ̀. Ẹ má wo bọ́ńẹ́ẹ̀tì nìkan. Ọṣẹ máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn dígí ẹ̀gbẹ́, sábẹ́ nọ́ńbà, sí ẹ̀yìn ọwọ́ ilẹ̀kùn, àti sí ibi ìdérí táńkì epo. Ẹ fọ́n omi sẹ́yìn dígí kan títí tí ohun tó ń kán látibẹ̀ ò fi ní hó mọ́. Bí ẹ bá fò ó, bẹ́ ẹ ti ń wa mọ́tò lọ lẹ ó máa rí ìlà funfun kan tó ń ṣàn látibẹ̀ kọjá ilẹ̀kùn.

Wax, ìyẹn ìda tí wọ́n ń fi pa ọ̀dà, bẹ́ ẹ bá fẹ́. Ó ń jẹ́ kí omi yára ṣàn kúrò, kò sì pẹ́ lára mọ́tò. Kì í ṣe wax tí wọ́n fi ọwọ́ kùn. Spot-Free Rinse, omi ìṣanlẹ̀ tí wọ́n ṣe kó má fi àmì sílẹ̀, ló ń kẹ́yìn, ìṣẹ́jú kan. Foam Brush, búrọ́ọ̀ṣì tó ń hó ọṣẹ, ni mo fò, torí ó ní ìbéèrè tirẹ̀.

Ìbéèrè: Omi ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ṣé ẹ̀rọ bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí bọ́tìnì wà. Tire Cleaner, Pre-Soak, Wax àti Spot-Free kì í ní agbára lọ́pọ̀ ibi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe wọ́n. Rinse àti High Pressure Soap nìkan ló ń jáde tagbáratagbára. Ìkejì, bẹ́ ẹ bá yí bọ́tìnì, ohun tó ti wà nínú rọ́bà tẹ́lẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jáde fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Ẹ yí i tán, ẹ fọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó kọjá, kẹ́ ẹ tó kọjú sí mọ́tò.

Bó bá jẹ́ Rinse lẹ wà tí omi ò sì lágbára, orí ìbọn ti dí tàbí páńpù ń rẹ̀. Ẹ má jókòó tì í. Ẹ yí i sí Stop, àmọ́ ẹ mọ̀ pé lọ́pọ̀ ẹ̀rọ tó ń gba owó ẹyọ, aago á ṣì máa kà, ẹ wo nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ sára ògiri, ẹ pe ẹ́ kẹ́ ẹ sì sọ nọ́ńbà ìsọ̀ náà. Bí ìbọn bá ń kán omi nígbà òtútù tí ẹnikẹ́ni ò fà á, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Wọ́n ń jẹ́ kó máa kán kó má baà dì nínú rọ́bà ni.

Ìbéèrè: Mo lo káàdì, wọ́n sì yọ owó tó ju èyí tí mo rò lọ. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Owó ẹyọ ń kà wálẹ̀: ẹ san, ìṣẹ́jú tán, ẹ̀rọ kú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ onífọwọ́káàdì ń kà sókè ní tiwọn. Ẹ bá ti fi káàdì kàn án, ó ń ṣírò lọ títí tẹ́ ẹ fi máa tẹ bọ́tìnì tó ń fòpin sí i. Ẹ̀yin gbé ìbọn kọ́, ẹ wọ mọ́tò, ẹ lọ. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ẹ ti lọ, ó ń kà títí dé iye tí wọ́n fi dè é. Ẹ tẹ Stop tàbí End, kẹ́ ẹ sì rí àpapọ̀ owó lójú ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé owó tó pọ̀ lẹ rí lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà pending, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn di owó mú ni. Ẹ dúró bí ọjọ́ mélòó kan kó balẹ̀ kẹ́ ẹ tó bá báǹkì jà.

Ìbéèrè: Ṣé kí n lo búrọ́ọ̀ṣì tó ń hó ọṣẹ yẹn?

Ìdáhùn: Búrọ́ọ̀ṣì yẹn ni ẹ̀tàn ibẹ̀. Ó ń yọ ẹ̀gbin tí omi nìkan ò lè yọ, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó lò ó kẹ́yìn lè ti fi fọ ẹrẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tó ti oko wá. Yanrìn á há sáàárín irun ẹ̀. Ẹ bá gbé e lé bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ẹ ti ń fi yanrìn họ ọ̀dà. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa, ẹ ó rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yí oòrùn inú bọ́ńẹ́ẹ̀tì po bí òwú aláǹtakùn. Mọ́tò dúdú ló ń fi í hàn jù.

Bó bá di dandan, ẹ fi ọṣẹ alágbára fọ mọ́tò ná, kí erùpẹ̀ tó nípọn ti lọ. Kẹ́ ẹ wá yí i sí Rinse, kẹ́ ẹ kọjú ìbọn sí búrọ́ọ̀ṣì náà níbi tó gbé kọ́, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá, títí omi tó ń kán lára ẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ tuntun jáde lára ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó kan mọ́tò. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó fúyẹ́ lọ́wọ́. Ara mọ́tò ṣáájú, tayà kẹ́yìn, kò sì gbọ́dọ̀ padà sára mọ́tò lẹ́yìn tayà. Ní tiwa, mọ́tò tí ọ̀dà rẹ̀ bá ṣì ń dán ò yẹ kó kan búrọ́ọ̀ṣì yẹn rárá. Ọṣẹ ìrẹ lẹ́ẹ̀mejì sàn jù.

Ìbéèrè: Ó gbẹ tán, ojú àmì funfun róbótó-róbótó ló kù. Mo sì lo Spot-Free!

Ìdáhùn: Calcium àti magnesium, àwọn ohun àlùmọ́nì inú omi, ni. Omi ìlú bíi San Antonio, tó ń ti inú òkúta ẹfun abẹ́ ilẹ̀ jáde, kún fún wọn. Omi á gbẹ lọ, wọ́n á dúró sára ọ̀dà. Omi Spot-Free ti gba inú asẹ́ tó ń yọ wọ́n kúrò, nítorí náà bí àmì bá ṣì jáde, omi lásán ló kù níbì kan: rọ́bà ò tíì fọ́n ti tẹ́lẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó kọjú ẹ̀ sí mọ́tò, tàbí ẹ ò fọ́n ọn dé gbogbo ibi, tàbí omi tó há sẹ́yìn dígí ló ṣàn wálẹ̀ lẹ́yìn náà.

Èyí tó bá ti wà níbẹ̀, ẹ po fínígà funfun àti omi ní ọgbọọgba, ẹ fi aṣọ rírọ̀ kàn án mọ́ ojú àmì náà lábẹ́ ibòji fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ sì fi omi ṣàn án dáadáa. Bó bá ti pẹ́ nínú oòrùn, ó lè ti jẹ ọ̀dà. Ìyẹn di ọ̀rọ̀ pọ́líìṣì.

Ìbéèrè: Ní Chicago, mo fọ̀ ọ́ nígbà òtútù, ilẹ̀kùn ò ṣí mọ́ lọ́jọ́ kejì. Ṣé kí n dáwọ́ dúró títí ìgbà ooru?

Ìdáhùn: Ẹ má dáwọ́ dúró. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nítorí yìnyín ló ń jẹ́ kí abẹ́ mọ́tò dípẹtà, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ ká fọ̀ ọ́ jù. Ẹ mú ọjọ́ tó bá ju 0°C lọ, ọ̀sán dára ju ìrọ̀lẹ́ lọ. Ẹ ná ìdajì owó yín sí abẹ́: inú ihò tayà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yìn bọ́ńpà, àti etí abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ohun tó di ilẹ̀kùn ni omi tó kù sára rọ́bà ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú búùtù, ẹ fi tówẹ̀lì nu rọ́bà àti etí ẹ̀ gbẹ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ fi òróró silicone pa rọ́bà náà. Bẹ́ ẹ bá jáde, ẹ tẹ búréèkì díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin kó gbẹ. Bó bá dì náà, ẹ fi ara ti ilẹ̀kùn wọlé kẹ́ ẹ tó fà á. Bí ọ̀kan bá ṣí, ẹ tan ẹ́ńjìnnì kí inú móoru. Ẹ má da omi gbígbóná sí i, gíláàsì lè là.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fọ ẹ́ńjìnnì níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ ibi kọ ọ́ sára ògiri pé èèwọ̀ ni. Níbi tí wọn ò bá kọ ọ́ sí, ẹ ṣì fi í sílẹ̀. Omi 1,000 psi á wọ inú ẹ̀rọ tó ń pèsè iná mọ́tò (alternator), inú àpótí fíúsì, àti ibi tí wáyà ti so pọ̀ mọ́ra. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi nù ún nílé.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè gbé garawa àti ọṣẹ tèmi wá, kí n sì nu mọ́tò gbẹ nínú ìsọ̀?

Ìdáhùn: Garawa, ẹ ka ògiri ná, ibi púpọ̀ ò fẹ́ ẹ. Ọṣẹ ìfọ-abọ́, rárá: ó ń bó wax tó ti wà lára ọ̀dà. Nínu gbẹ, ẹ gbé mọ́tò jáde lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ń dúró de ìsọ̀. Tówẹ̀lì méjì tó mọ́ ti tó, ọ̀kan fún gíláàsì, ọ̀kan fún ara. Èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kan ọ̀dà mọ́ lọ́jọ́ yẹn.