Òkè Pọ́n, Abẹ́ Ò Jiná: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Cobbler Píìṣì

Ohun tó bí mi nínú jù lórí cobbler píìṣì, ìyẹn píìṣì tí a fi ìyẹ̀fun pípò bò lórí tí a sì yan, ni gbólóhùn kan tó wà nínú ìlànà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀lé. Ó ní kí n yan án títí òkè rẹ̀ yóò fi pọ́n bíi wúrà. Mo yan án, òkè pọ́n bíi wúrà lóòótọ́, òórùn rẹ̀ gba ilé kan. Mo ki ṣíbí bọ̀ ọ́, abẹ́ ìyẹ̀fun ń fà bí àtè, omi tooro sì kún ìdí àwo. Èso tó lé ní kílò kan wọgbó bẹ́ẹ̀.

Mo tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi ìṣẹ́jú 20 kún àkókò rẹ̀. Òkè jó, abẹ́ ṣì ń fà, píìṣì ti rọ̀ di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó bọ́ sí i. Kì í ṣe pé àkókò kò tó, kì í sì í ṣe pé iná kò tó. Omi tútù tó wà lábẹ́ ìyẹ̀fun ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, kò sì sí ibì kankan nínú ìlànà yẹn tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀.

Èso tí a kó sínú àwo jíjìn, tí a fi ìyẹ̀fun pípò bò lórí, tí a wá yan nínú oven, òun ni cobbler. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti gbilẹ̀ jù, láti ọ̀rúndún 19 ni wọ́n sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kì í sábà ní èèpo nísàlẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe òkè rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìlànà ti ń da nǹkan pọ̀ mọ́ra wọn. Àwọn kan á po fúláwà, ṣúgà àti mílíìkì kó ṣàn, wọn á dà á lé bọ́tà yíyọ́ nínú àwo, wọn á wá kó èso lé e lórí láìrò ó. Bó bá ti ń jiná, á máa wú gba àárín èso bọ́ sókè. Ìdí àwo ni ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ara àwo ń fún un ní ooru láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn á po ìyẹ̀fun tó le díẹ̀, wọn á sì bù ú lé orí èso ní òkìtì òkìtì. Èyí ni mo ṣe. Ìyẹ̀fun irú èyí kò fara kan ìdí àwo rárá, orí èso ló jókòó lé. Bí èso bá tutù, orí omi tútù ló jókòó lé yẹn.

Àwo díńgí onígun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 23 níbùú lóròó, ni mo lò. Fún ti èso: píìṣì mẹ́jọ tó pọ́n, tó jẹ́ bíi kílò 1.2 kí n tó bó wọn, ṣúgà gíráàmù 100, iyọ̀ ìdámẹ́rin ṣíbí tíì, sítáàṣì àgbàdo ṣíbí ìjẹun kan tó tẹ́jú, omi lẹ́mọ́ọ̀nù ṣíbí ìjẹun kan. Fún ti òkè: fúláwà gíráàmù 200, ṣúgà gíráàmù 40, baking powder ṣíbí tíì méjì, baking soda ìdámẹ́rin ṣíbí tíì, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, bọ́tà tútù gíráàmù 85, àti mílíìkì mílílítà 160 tí mo fún omi lẹ́mọ́ọ̀nù ṣíbí tíì méjì sí, tí mo fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kó lè kan.

Bíbó píìṣì kò le. Ìṣẹ́jú kan nínú omi híhó, ká jù ú sínú omi yìnyín, èèpo á ṣí. Bí kò bá ṣí, kò tíì pọ́n tó ni. Mo gé e ní ẹ̀la tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1.5. Ẹ má gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa rí iná. Ẹni tó bá sì lè yàn, kó yan irú píìṣì tí kóró rẹ̀ máa ń ṣí kúrò lára. Èyí tí kóró rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara ń fi èso ṣòfò.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ omi, èyí tó jẹ mí ní àwo méjì.

Ṣúgà máa ń fa omi jáde lára èso. Bí a bá da ṣúgà sí píìṣì tí a ti gé, kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, omi á ti bo ìdí abọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo po èso, ṣúgà àti sítáàṣì pọ̀, mo dà wọ́n sínú àwo, mo bo ìyẹ̀fun lé e lójú ẹsẹ̀, mo gbé e wọ inú oven. Ìyẹn ni pé abẹ́ ìyẹ̀fun gan-an ni omi yẹn ti ń jáde, nínú èso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú fíríìjì. Omi kì í tètè gbóná. Kó tó hó, òkè ìyẹ̀fun tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fẹ́ sí ti gbẹ, ó ti pọ́n. Abẹ́ rẹ̀ ń mu omi ní tirẹ̀. Ibi tí omi bá sì wà báyẹn kò lè gbóná kọjá 100°C, torí náà kò lè gbẹ bí òkè ṣe gbẹ. Iná tí mo fi kún un nígbà kejì, òkè tó ti jiná ló ń lọ bá.

Sítáàṣì náà jìyà ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ki nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbóná títí tó fi sún mọ́ híhó kó tó ki dáadáa. Ìdí nìyẹn tí omi inú àwo àkọ́kọ́ fi tooro, tó tún funfun bí ẹ̀fun, tí mo sì ń bínú sí sítáàṣì tí kò ṣẹ̀.

Ohun tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kẹta ni pé mo jẹ́ kí omi yẹn jáde kí ìyẹ̀fun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo da ṣúgà àti iyọ̀ sí píìṣì, mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45, mo dà á sínú ajọ̀ tí mo gbé lé orí ìkòkò kékeré. Omi tó jáde sún mọ́ mílílítà 200. Mo sè é lórí iná tí kò pọ̀ títí tó fi gbẹ ku ìdajì. Mo fi omi tútù ṣíbí ìjẹun méjì po sítáàṣì lọ́tọ̀, nítorí bí a bá da sítáàṣì gbígbẹ sínú omi híhó, kókó ló máa dì. Mo dà á sí i, mo ń rò ó láìdúró. Ó funfun ní àkọ́kọ́, nígbà tó hó fún ìṣẹ́jú kan, ó mọ́ gaara, ó sì ki tó bẹ́ẹ̀ tó ń bo ẹ̀yìn ṣíbí. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ kalẹ̀, mo fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i, mo dà á padà sórí píìṣì. Ẹ má fún lẹ́mọ́ọ̀nù ṣáájú, ohun kíkan tí a bá sè pẹ̀lú sítáàṣì máa ń sọ ọ́ di tooro.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé èso nìkan, láìbò ó, sínú oven tó ti gbóná dé 200°C. Ìṣẹ́jú 15 ló lò, títí tí etí àwo fi ń hó yíká. Ìṣẹ́jú 15 yìí ló sọnù nínú ìlànà tí mo tẹ̀lé. Ó ṣì ń dùn mí pé ohun tó kéré báyìí ló ba èso tó pọ̀ tó yẹn jẹ́.

Ìgbà tí èso wà nínú oven ni mo po ìyẹ̀fun, kì í ṣe ṣáájú, nítorí baking powder máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí omi bá ti kàn án. Mo fi ìka ra bọ́tà tútù mọ́ fúláwà títí tó fi wà ní wẹ́wẹ́, tó tóbi bí èékánná ọmọńdinrín. Mo da mílíìkì sí i, mo rò ó ní bíi ìgbà 12 péré. Bó bá ṣì rí ṣákaṣàka, ó dáa bẹ́ẹ̀; bí a bá pò ó títí tó fi jọ̀lọ̀, ó máa le.

Mo gbé àwo jáde, mo ti ilẹ̀kùn oven padà kíá, mo bu ìyẹ̀fun lé èso gbígbóná náà ní òkìtì mẹ́sàn-án. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 2, àlàfo sẹ̀ǹtímítà kan sì wà láàárín wọn. Àlàfo yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni oru omi ń gbà jáde. Nígbà kejì tí mo ṣe é, mo tẹ́ ìyẹ̀fun bo gbogbo ojú àwo bí aṣọ ìbora, oru kò rí ọ̀nà lọ, ó padà sínú ìyẹ̀fun. Mo wọ́n ṣúgà ṣíbí ìjẹun kan sí i lórí, mo gbé páànù fẹ̀ǹfẹ̀ sí abẹ́ àwo nítorí èyí tó máa hó dànù.

Ìṣẹ́jú 28 ló lò ní 200°C. N kò wo àwọ̀ mọ́. Mo fi fọ́ọ̀kì gbé òkìtì àárín sókè, nítorí òun ló máa ń jiná kẹ́yìn, mo wo abẹ́ rẹ̀: ó wú, ó rí ihò ihò bíi búrẹ́dì, kò sí ibi tó ń fà. Ẹni tó bá ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ooru oúnjẹ, kó fi gún àárín òkìtì náà. Bó bá ti pé 93°C, ó ti jiná. Bí òkè bá fẹ́ pọ́n jù ṣáájú, ẹ fi bébà fọ́ìlì bò ó láìdì í mọ́ etí àwo. Orí mi wú nígbà tí mo rí abẹ́ ìyẹ̀fun yẹn, mo gbé òkìtì méjì mìíràn sókè kó lè dá mi lójú.

Ẹ má bù ú ní gbígbóná. Omi èso ń ki sí i bó bá ṣe ń tutù, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 30, ó kéré tán. Èyí tí mo bù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 ṣàn káàkiri àwo, èyí tí mo bù lẹ́yìn wákàtí kan dúró.

Bó bá jẹ́ píìṣì inú fírísà, ẹ jẹ́ kó yọ́ tán, omi rẹ̀ pọ̀ ju ti èyí tí kò wọ fírísà lọ, ẹ sè é bákan náà. Èyí tó wà nínú agolo ti jiná tẹ́lẹ̀: ẹ da omi dídùn rẹ̀ nù, ẹ fi mílílítà 100 péré sílẹ̀ láti fi po sítáàṣì, kí ṣúgà má ju ṣíbí ìjẹun méjì lọ. Ápù le ní tirẹ̀, ẹ gé e fẹ́lẹ́ ju píìṣì lọ, kí ẹ jẹ́ kó lo ìṣẹ́jú 25 kí ìyẹ̀fun tó dé orí rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, inú oven ni kí ẹ ti gbé e gbóná, 175°C fún ìṣẹ́jú 15. Mo gbé tèmi sínú microwave, òkè tí mo ṣe wàhálà lé lórí sì tún rọ̀ jọ̀bọ̀.